Ọ̀rá Méjì Nínú Ìgò Kan

"Ẹ bá mi di àkàbà yìí mú dáadáa, Ìyá. Ọ̀rá ọ̀hún ti lẹ̀ mọ́ ìbòrí."

"Mo dì í mú. Bí o bá jábọ́, wọn á ní àwa ẹlẹ́ja la tì ọ́."

Ìyádùnní rẹ́rìn-ín láti òkè òpó, ó sì na ẹ̀mú sábẹ́ ìbòrí irin tó rí bí akoto. Ohun tó wá mú níbẹ̀ kò ju ọ̀rá pẹlẹbẹ kan lọ, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó sì fẹ́lẹ́ bí awẹ́ àlùbọ́sà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ti fi rọ̀ síbẹ̀ tó ń fa oró inú afẹ́fẹ́ mu díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń bá a fẹ́ ẹ. Ó ká a sínú ìgò, ó dé e, ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sára rẹ̀.

Obìnrin tó di àkàbà mú ni Ìyá Dúródọlá, olórí àwọn tó ń yan ẹja ní àdúgbò Àrọ̀, létí ọ̀sà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì le. Ojú rẹ̀ kò sí lára Ìyádùnní. Fìtílà àdúgbò tó wà lórí òpó kejì ló ń wò. Pupa ni fìtílà náà. Pupa ló ti wà láti oṣù méjì.

"Bó bá tún pọ́n lẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ẹ mọ òfin, Ìyá."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

Ìyádùnní sọ̀kalẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ẹ ó ní ọjọ́ méjìlá láti ro ẹjọ́ yín. Tí ẹjọ́ ò bá dúró, wọn á fi òǹtẹ̀ di ààrò yín, ọkọ̀ á sì kó yín lọ sí Òkè-Títun."

"Níbi tí kò sí omi."

"Omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀."

"Ẹja kì í gbé inú ẹ̀rọ, ọmọ mi."

Lẹ́yìn wọn, ààrò mọ́kànlélọ́gbọ̀n tò lọ létí omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀fun irin kan tó ń yí èéfín padà sínú iná, kí iná tún un jó, débi pé ohun tó ń ti òkè rẹ̀ jáde kò ju ooru lásán lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwọn obìnrin Àrọ̀ fi kọ́ wọn. Lórí okùn tí wọ́n ta láàárín ààrò méjì, ẹnì kan sá aṣọ funfun sí i, aṣọ náà sì funfun kinniwin. Láti oṣù méjì ni Ìyádùnní ti ń rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Fìtílà ń wí nǹkan kan, aṣọ ń wí òmíràn.

Àkàbà ti bó o ní àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Dúródọlá rí i, ó wọlé, ó gbé ike òrí kan jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á. Òórùn ẹja yíyan gba imú àwọn méjèèjì.

"Má bínú o. Orí pẹpẹ ẹja ni mo máa ń gbé òrí yìí sí, ó sì ti ń rùn bí ẹja. Iyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, iyọ̀ ò rùn rárá. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń mí. Òrí ló lójú kòkòrò."

Ìyádùnní dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá náà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Kí n tún kí ni sọ?"

"Ọ̀rọ̀ òrí yẹn."

"Pé ó lójú kòkòrò? Ó lójú kòkòrò, àbí o ò mọ òrí ni?"

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń fi oòrùn rìn, bó ṣe ń padà sí àárín ìlú Ọlọ́sàá, Ìyádùnní yọ ìgò náà jáde, ó sì mì ín. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò dún. Ó rọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti rà lórí iná.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ wọṣẹ́. Ní ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n Òfin Èémí, òkè òkun ni ọ̀rá ti ń wá. Ọ̀rá líle ni, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá mì ín nínú ìgò, á máa dún ṣákáṣákà bí ewé gbígbẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ òkun kò wá mọ́, tí àwọn ará ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oje igi rọ́bà ṣe ọ̀rá tiwa. Inú gbogbo ìlú dùn. Ìyádùnní fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé páálí àkọ́kọ́ wọlé. Ọdún kẹsàn-án rèé. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ọ̀nà ọ̀fun ọ̀rá tuntun àti ti àtijọ́ dọ́gba. Òun náà kò béèrè.

Nígbà tó dé Ilé Èémí, ó gbé ìgò náà fún Agbóòórùn, ẹ̀rọ tó ga tó ènìyàn tí wọ́n fi ń ka ohun tí ọ̀rá bá mu. Ẹ̀rọ náà kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Àrọ̀," ni ẹ̀rọ wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó ní sùúrù. "Márùndínláàádọ́ta. Pupa. Ìkẹta."

Ogún ni òfin fi ààlà sí. Láti ogún dé ọgbọ̀n, fìtílà á ní àwọ̀ ìyeyè. Ohun tó bá ju ọgbọ̀n lọ, pupa ni, pupa mẹ́ta léraléra sì ni ilé dídì.

"Agbóòórùn, má tíì lọ. Márùndínláàádọ́ta yẹn, ṣé inú ọ̀rá lo ti rí i ni, àbí inú afẹ́fẹ́?"

"Inú ọ̀rá ni mo wò. Mo wá fi òǹkà ìpín, tó ń sọ bí ọ̀rá ṣe ń mu tó, pín in kí n tó mọ ti afẹ́fẹ́."

"Òǹkà wo?"

"Èyí tó wà nínú ìwé òfin."

"Irú ọ̀rá wo ni wọ́n fi wá òǹkà inú ìwé náà rí?"

"Ọ̀rá líle ti òkè òkun. Ọdún kejìlá Òfin."

"Ta ló wá a fún ọ̀rá rọ́bà?"

"Kò sí àkọsílẹ̀."

Ìyádùnní fa àga, ó jókòó. Ó bi ẹ̀rọ náà léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí kí etí rẹ̀ má baà jẹ́ ẹlẹ́rìí èké. Ìdáhùn kan náà ni.

Ọ̀gá Fáṣakin, olórí Ilé Èémí, ń mu tíì nígbà tó wọlé tọ̀ ọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kù ju ọdún kan lọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ ọ dé òpin láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìwé tó bá ọ̀rá rọ́bà wá sọ pé bákan náà ni pẹ̀lú ti àtijọ́," ni ó wí.

"Bákan náà ní kí ni, ọ̀gá? Ní fífẹ̀, tàbí ní mímu?"

Ó gbé ife kalẹ̀. "Wọn ò kọ ọ́. Ọjọ́ méjìlá lo ní kí wọ́n tó gbé òǹtẹ̀ lọ sí Àrọ̀. Lọ wọ̀n ọ́n."

Ohun tó ṣòro jù ni láti rí ọ̀rá àtijọ́. Ó tú àpótí mẹ́sàn-án kó tó bá mẹ́ta, tí wọ́n ṣì wà nínú bébà fàdákà tí wọ́n fi dì wọ́n láti òkè òkun, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ó mú ìgò ńlá mẹ́ta. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó so ọ̀rá méjì kọ́: líle kan, rírọ̀ kan, tí wọ́n jọ fẹ̀ bákan náà, tí wọ́n sì jọ nípọn bákan náà. Ó kán ẹ̀kán oró kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀, irú èyí tí iná igi máa ń bí, ó sì dé ìgò pa. Lẹ́yìn náà, ó kó àwọn ìgò náà sínú àpótí tó ní ooru kan náà pẹ̀lú ọ̀sán Àrọ̀, torí pé ọ̀rá máa ń pọ ohun tó ti mu bí ara rẹ̀ bá gbóná, á sì tún máa mu sí i bó bá tutù.

Níta lórí òpó, oṣù kan gbáko ló máa ń gba ọ̀rá kó tó yó. Nínú ìgò tí abẹ̀bẹ̀ kékeré ń da afẹ́fẹ́ rẹ̀ rú, ọjọ́ mélòó kan tó. Láràárọ̀, Ìyádùnní ń gé ìwọ̀n èékánná kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fún Agbóòórùn kà, ó sì tún ń fa afẹ́fẹ́ tíńtín láti inú ìgò kí ó lè mọ ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn ni. Kò sí àkàbà, kò sí ẹni tó ń fi ojú bẹ̀bẹ̀ wò ó. Òun àti ìgò mẹ́ta ni, àti ohùn ẹ̀rọ, àti oòrùn òwúrọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó tilẹ̀ bá ara rẹ̀ tó ń kọrin.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá rírọ̀ ti ṣíwájú. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ karùn-ún dé ìkeje, òǹkà kò yí padà mọ́: àwọn ọ̀rá ti yó, ohun tó ń wọlé sínú wọn àti ohun tó ń jáde ti dọ́gba. Ó yọ wọn jáde.

"Ìgò kìn-ín-ní," ni Agbóòórùn wí. "Ọ̀rá líle, ìdá méjì. Ọ̀rá rírọ̀, ìdá márùn-ún. Ti ọ̀rá líle bá ìwé òfin mu. Ti ọ̀rá rírọ̀ kò bá a mu."

Ìgò kejì àti ìkẹta wí bákan náà.

Ìyádùnní mú gègé. Ohun tí wọ́n ti ń pè ní márùn-ún nínú afẹ́fẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án wá, méjì péré ni. Márùndínláàádọ́ta ti Àrọ̀ di méjìdínlógún. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lórí bébà, ó sì sá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú gègé lọ́wọ́.

Ọ̀gá Fáṣakin ka bébà náà tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na òrùka òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, tí iná aró kan ń tàn lójú rẹ̀, sí ojú tábìlì kí ẹ̀rọ lè rí i. "Òǹkà tuntun bẹ̀rẹ̀ láti òní lọ," ni ó wí. Ìṣẹ́jú kan kò pé lẹ́yìn náà tí aago ọwọ́ Ìyádùnní fi dún. Ìyá Dúródọlá ni.

"Ìyádùnní. Fìtílà wa ti di àwọ̀ ewé."

"Mo mọ̀, Ìyá."

"Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ yín ló mọ́. Ó ti mọ́ tipẹ́."

Ìyádùnní ń gbọ́ àwọn obìnrin lẹ́yìn ìyá náà, tí wọ́n ń pe ara wọn jáde. "Ó dáa," ni Ìyá Dúródọlá wá wí. "Ó dáa, ọmọ mi. Jẹ́ kí n lọ bojú tó iná mi."

Ọ̀gá Fáṣakin ṣì jókòó. Nígbà tí Ìyádùnní yíjú sí i, ó rí i pé kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Jókòó," ni ó wí. "Mo mọ ohun tí wàá rò bí o bá délé. Jẹ́ kí á jọ rò ó níbí."

Ohun náà ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìgbà tó ti mú gègé, ó kàn ń yẹra fún un ni. Ní ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n Òfin, ọdún méje sẹ́yìn, ìlú kó àwọn amọ̀kòkò kúrò ní Odò-Alámọ̀ lọ sí Òkè-Títun. Ogójì, márùndínlógójì, márùndínlọ́gọ́ta. Pupa mẹ́ta. Òrùka òǹtẹ̀ Ìyádùnní ló wà lórí ìwé náà. Ìwé yẹn ni ó kọ́kọ́ dá fi òǹtẹ̀ sí. Nísinsìnyí ó fi òǹkà tuntun pín wọn lọ́kàn. Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìnlá. Méjìlélógún.

"Kò sí pupa kan níbẹ̀, ọ̀gá."

"Kò sí."

"Àwọ̀ ewé méjì, ìyeyè kan."

"Mo gbọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Òfin ní kí òǹkà tuntun máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí a bá kọ ọ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni padà lọ tú ìwé àná. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni òǹtẹ̀ bá fúnra rẹ̀ tú u, tó sì rí i pé ó ṣì, ó di dandan kó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn tó ṣì í sí, lójú wọn. Òrùka rẹ̀ á kú níbẹ̀. Àwọn ni wọn á pinnu bóyá kó tún jí."

"Mo ti tú u."

"Èmi nìkan ló rí ọ." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò wo ojú rẹ̀. "Èmi ni mo gba ìwé ọ̀rá rọ́bà wọlé lọ́dún yẹn, Ìyádùnní. Bó bá jẹ́ ẹ̀bi, tèmi ló kọ́kọ́ jẹ́. Iṣẹ́ yìí, ìwọ ni mo fẹ́ fi lé lọ́wọ́ nígbà tí mo bá lọ. Mi ò rí ẹlòmíràn tó lè ṣe é bíi tìẹ. Lọ rò ó."

Ó lọ rò ó ní Odò-Alámọ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí àwọn amọ̀kòkò lọ, ìlú gbin igi síbẹ̀, igi náà sì ti ga. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ síbẹ̀, torí pé ibẹ̀ tutù, ẹyẹ sì pọ̀. Kò sí ibi tó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ ní Ọlọ́sàá. Ó jókòó sídìí igi kan, ó tú ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ń rò ó pé bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Bí òrùka òun bá sì kú tí kò jí, ta ni yóò máa wọn àwọn ọ̀rá tí ń bọ̀? Ìrònú tó dára ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde, nǹkan kan gún un ní ọwọ́. Àpáàdì ni. Ó gbá ewé kúrò, ó rí òmíràn, ó tún rí òmíràn. Gbòǹgbò igi ti hù yí wọn ká. Lára èyí tó tóbi jù, ìka ẹnì kan ti tẹ àmì sí i kó tó jó nínú iná, àmì ìka mẹ́rin tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyádùnní gbé ìka tirẹ̀ lé wọn. Wọ́n bá tirẹ̀ mu, àfi pé èyí tó kéré jù wọ́ díẹ̀.

Kò jẹ ẹ̀kọ náà tán. Ó kó o sínú àpò, ó sì lọ wọ ọkọ̀ Òkè-Títun.

Ilé mẹ́rìnlá ló wà lórí òkè náà. Níwájú wọn, dígí ńláńlá ń yí tẹ̀lé oòrùn, wọ́n ń da ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ sójú kan láti fi sun ìkòkò. Kò sí igi, kò sí èéfín. Lábẹ́ ìbòòji kan, ìyá arúgbó kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Àwẹ̀ró jókòó ti amọ̀. Òun ni ó dàgbà jù nínú àwọn amọ̀kòkò.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ìkòkò lo wá wò?"

"Rárá, mà." Ìyádùnní kúnlẹ̀. "Ìyádùnní lorúkọ mi, láti Ilé Èémí. Èmi ni mo fi òǹtẹ̀ sí ìwé tó kó yín kúrò ní Odò-Alámọ̀."

Ọwọ́ Màmá Àwẹ̀ró kò kúrò lára amọ̀. "Mo rántí ẹ. O tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Dìde nílẹ̀, amọ̀ máa ba aṣọ ẹ jẹ́. Kí ló dé?"

Kò dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ó ti rí: pé ọ̀rá tí wọ́n gbé kọ́ lọ́dún yẹn ń mu ju bí àwọn ti rò lọ, pé àwọn kò wọ̀n ọ́n wò kí àwọn tó fi dá ẹjọ́, pé ohun tí àwọn pè ní márùn-ún, méjì péré ni. Ó sọ òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní oṣù kan kọjá ààlà díẹ̀, oṣù méjì kò kọjá, kò sì sí èyí tó tó kí wọ́n kó ẹnikẹ́ni kúrò nílé. Bó ṣe parí ọ̀rọ̀, iná aláwọ̀ aró tó wà lójú òrùka rẹ̀ kú.

Màmá Àwẹ̀ró ń fi omi tọ́ ẹnu ìkòkò náà yíká.

"Ṣé kì í ṣe èéfín wa?"

"Kì í ṣe èéfín yín, mà."

"Ọdún yẹn ni bàbá wọn kú." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nǹkan sí ara rẹ̀ létí. "Ikọ́ ni. Èmi ni mo máa ń dá iná, òun á wá jókòó tì mí, á máa bá mi tàkúrọ̀sọ títí ìkòkò á fi jiná. Ogójì ọdún la fi jókòó báyẹn. Nígbà tí fìtílà yín wá pọ́n, mo ní, ó tán. Èmi ni mo fi èéfín pa ọkọ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Ìyádùnní kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ó fẹ́ sọ ohun tí ìyá náà ń retí, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ tí kò dá òun lójú bẹ́ẹ̀ ló gbé gbogbo wọn dé ibí.

"Màmá, mi ò lè sọ ohun tó pa Bàbá fún yín. Èmi kì í ṣe dókítà. Afẹ́fẹ́ nìkan ni mo mọ̀. Ohun tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé afẹ́fẹ́ ibi tí ẹ ti jọ ń jókòó lọ́dún yẹn kò burú ju ti inú ìlú lọ. Mo fi òǹkà tuntun wọn àwọn méjèèjì wò."

"Kò burú ju ti inú ìlú lọ."

"Kò burú jù ú lọ, mà."

Ìyá náà mi orí. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìdí ìró nù ún gbẹ, ó sì pe orúkọ ẹnì kan. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú jáde wá láti ìdí dígí. Olúgbadé ni, àkọ́bí rẹ̀. "Pe gbogbo wọn jáde," ni ó wí fún un. Nígbà tí wọ́n pé tán, ó yíjú sí Ìyádùnní. "Tún un sọ. Sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."

Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní Òkè-Títun ti mọ́ àwọn lára, pé ilé ìwé ọmọ wà nítòsí, pé dígí kì í dun ojú bí èéfín. Tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ní àwọn ń padà sódò kíákíá, torí amọ̀ ibẹ̀ kò láfiwé. Ìyádùnní sọ fún wọn pé níwọ̀n bí ìwé náà ti tú, ilẹ̀ náà tiwọn ni láti òní lọ, igi àti ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀. Olúgbadé ló bínú jù.

"Ọdún méje," ni ó wí. "Ọmọ mi méjì ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ odò. O dé, o ní ẹ ò wọ̀n ọ́n wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A ò wọ̀n ọ́n wò."

Ó wò ó títí, bóyá ó ń retí pé yóò rí àwáwí. Kò rí i, ó sì jọ pé ìyẹn tún bí i nínú sí i.

Ọ̀rọ̀ wá kan òrùka. Ẹnì kan ní kó kú síbẹ̀, kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́. Màmá Àwẹ̀ró jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán.

"Bó bá kú," ni ó wí, "ẹlòmíràn ni wọn á gbé òǹtẹ̀ fún. Ẹni tí kò tíì ṣìṣe rí. Ìyẹn á fi ọkàn balẹ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Èyí tó rí àṣìṣe ara rẹ̀, tó wọ ọkọ̀ wá jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú wa, òun ni mo fẹ́ kó máa wọn afẹ́fẹ́ tí mò ń mí. Ṣùgbọ́n n ó fi nǹkan kan kún un. Bí ọ̀rá tuntun bá tún dé, kí ẹ tó gbé e kọ́ níbikíbi, ẹ gbọ́dọ̀ pe ọ̀kan nínú wa wá jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, kó nawọ́."

Ilé mẹ́wàá nawọ́ nínú mẹ́rìnlá. Olúgbadé kò nà á. Iná aró padà sójú òrùka Ìyádùnní, ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó dúró. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àti lọ́wọ́ Olúgbadé pàápàá, ẹni tó kàn mi orí ní ìlọ́ra. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ebi sì ń pa á. Ó rántí ẹ̀kọ inú àpò rẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan láti jẹ ẹ́ títí ọkọ̀ yóò fi dé.

Màmá Àwẹ̀ró ti padà sídìí amọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ìkòkò tuntun. Ní àkọ́kọ́, Ìyádùnní rò pé ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà ga díẹ̀, tó sì ń tò tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí ọwọ́ ti ń lọ yíká:

"Àjàní ọkọ mi. Àjàní a-jókòó-ti-iná-má-wìí-pé-ó-gbóná. Ọmọ Alámọ̀ tí í fi ọ̀rọ̀ dídùn sun ìkòkò. Àjàní, ẹ̀yìn ààrò ò ṣú nígbà tí o wà níbẹ̀..."

Olúgbadé tó ń padà lọ sídìí dígí dúró sójú kan. Ìyádùnní rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀.

"Láti ọdún méje," ni ó wí, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ mọ́, "kò ki bàbá wa rí. A rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀ ni."

Ó gbé àpótí kékeré kan, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì ń bá a bu omi sí amọ̀ bí ìyá náà ti ń ki Bàbá lọ.